Fọ́tò Tí Eduvina Pọ́n

Kí n tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti arúgbó kan tó ń jẹ́ Eduvina, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó fi ìka kan ṣoṣo ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́ kí omi tíì tó hó. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń kọjá lẹ́bàá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́ ni. Èmi ni Eduvina náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ pé “èmi, èmi”, kò ní pẹ́ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi, ẹ ò sì ní gbọ́ òótọ́ kankan mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Eduvina, kó jìnnà sí mi díẹ̀, kí n lè ráyè bú u dáadáa.

Ilé Eduvina wà lókè abúlé Paihuano, níbi tí oko àjàrà ti parí tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti Heriberto ọmọ rẹ̀, àti Yanira ọmọ Heriberto, ni wọ́n jọ ń gbé. Ìyá Yanira ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Heriberto ní awò ńlá kan lórí òkè tó fi ń fi ìràwọ̀ han àwọn àlejò tó ń wá láti Santiago, olú ìlú wa, ó sì kórìíra iná òpópónà bí ẹni kórìíra eyín ríro. Yanira, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé. Kámẹ́rà àti awò ìwòràwọ̀ ló ń fi owó oṣù rẹ̀ rà. Á gbé wọn sórí òrùlé, á máa ya fọ́tò ìkùukùu tó wà láàárín ìràwọ̀, àwọn ìkùukùu pupa àti aláwọ̀ aró tí ojú lásán kò lè rí àwọ̀ wọn, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi àjàrà kan sí àfonífojì wa.

“Ṣé ìkùukùu ni wàá bí fún mi?” Eduvina máa ń bi í.

“Màmá Àgbà, ìkùukùu kì í sunkún lóru.”

“Kì í sì í bá mi fún wàrà ewúrẹ́.”

Ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí Nibaldo gbé àkàbà wá. Òṣìṣẹ́ iná ìjọba ìbílẹ̀ ni, ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó ga, etí rẹ̀ sì tóbi. Òpó iná tuntun ló wá gbé sẹ́nu ọ̀nà wọn, gílóòbù funfun báláú, tó kọjú sókè sódò láìní ìbòrí. Yanira sáré jáde tòun ti irun tútù.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí àkàbà yẹn, ṣé oòrùn kejì lẹ fẹ́ gbé sẹ́nu ọ̀nà wa ni?”

“Ẹ káàárọ̀, arábìnrin.”

“Mi ò tíì kí yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Yanira ka òfin fún un, pé ní àríwá wa níbí, iná òpópónà gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀, kó sì pọ́n bí oyin, kó má ba ojú ọ̀run jẹ́. Nibaldo tẹ́tí sílẹ̀, ó sì ní etí tó tó bẹ́ẹ̀.

“Èyí tí wọ́n kó fún mi ni mo gbé wá,” ó ní. “Àmọ́ ẹ má bínú o, kí lẹ ń fi òkùnkùn ṣe?”

Yanira wọlé lọ mú fọ́tò kan wá. Ọkùnrin náà wò ó títí búrẹ́dì oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ fi gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú gílóòbù aláwọ̀ oyin àti fìlà páànù tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ó dé iná náà lórí. Eduvina ń wò ó láti ojú fèrèsé. “Ọkùnrin tó rán fìlà fún òpó iná,” ó sọ fún ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, “òpó iná kọ́ ló ń wò.”

Kí àjàrà tó tún so, Nibaldo ti ra awò kékeré tirẹ̀. Ó gbé fọ́tò àkọ́kọ́ wá ní ọ̀sán Sátidé kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì bí ọmọdé tó gba ipò kìíní. Yanira wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

“Kí ló dé? Gbogbo ẹ̀ ló hàn kedere!”

“Nibaldo, o fi táyà sí ìdí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wo òrùka dúdú yìí. Wo ìkùukùu náà, ó dà bí ọpọlọ màlúù lórí igbá ẹlẹ́ran. O ti pọ́n ọn jù, bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ.”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n pọ́n ọn.”

“Mo ní kó o pọ́n ọn, mi ò ní kó o gún ẹnikẹ́ni.” Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn ju bí ìṣirò ṣe nílò lọ. “Gbọ́ mi. Kì í ṣe kókó kékeré tó ò ń fà lójú kọ̀ǹpútà yìí ló ń mú kí nǹkan hàn. Wákàtí ni. O máa ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò, igba, o máa kó wọn lé ara wọn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ nìkan lo ti lè pọ́n. O máa bo àwọn ìràwọ̀, o máa bo ibi tó ṣókùnkùn, torí bó o bá pọ́n ibi tí kò sí nǹkan kan, kọ̀ǹpútà á fi iyanrìn sí i fún ẹ, ìwọ náà á sì gbà pé ìràwọ̀ ni. O máa fà á títí ohun tó wà níbẹ̀ á fi yọjú. Lẹ́yìn náà, kí lo máa ṣe?”

“Màá tún fà á díẹ̀ sí i?”

“Wàá dá a padà dé ìdajì. Wàá pa kọ̀ǹpútà, wàá lọ sùn. Ojú àárọ̀ ló máa sọ fún ẹ bóyá o purọ́.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ojú àárọ̀ tèmi, ṣé ẹ lè fara dà á?”

Eduvina tó ń rẹ́ àlùbọ́sà gé ìka ara rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ya ìkùukùu ojú ọ̀run kan tí wọ́n ń pè ní Carina. Lálẹ́ tí kò bá sí òṣùpá, Yanira á wà lórí òrùlé tirẹ̀, Nibaldo á wà ní àgbàlá tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ abúlé, àwọn méjèèjì á dojú kámẹ́rà kọ ibì kan náà. Wákàtí mọ́kàndínlógún ti Yanira, wákàtí méjìlá ti Nibaldo. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé ara wọn, ó di fọ́tò kan. Ta ló tún ń béèrè bóyá ìfẹ́ ni?

Heriberto ló béèrè. Nígbà tí Eduvina, alárinà tí ẹnikẹ́ni kò yàn, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀, ó gbé síbí rẹ̀ kalẹ̀.

“Oníná?”

“Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Heriberto. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì.”

“Màmá, láti ọdún pípẹ́ wá ni mo ti ń bá iná jà. Ẹni tó ń gbé iná kọ́ ojú ọ̀run ni ẹ fẹ́ kó wá pè mí ní bàbá?”

“Ó dé e ní fìlà.”

“Torí ọmọ mi ló ṣe dé e. Tó bá wá rí ọmọ mi tán, ta ló máa dé e fún?” Kò rorò, ẹ̀rù ló ń bà á. Yanira nìkan ló ṣẹ́kù tí ń jọ ìyá rẹ̀ nínú ilé náà. “Kó wá lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n gbé fọ́tò tí wọ́n jọ yà wá. Mo mọ ìkùukùu yẹn bí mo ṣe mọ ojú yín. Tó bá jẹ́ onísùúrù, màá rí i níbẹ̀. Tó bá jẹ́ oníwàdùwàdù, màá rí i níbẹ̀ náà. Tí mo bá rí ìyẹn, kó má padà wá.”

Báyìí ni ìgbéyàwó ọmọbìnrin kan ṣe wá rọ̀ sára fọ́tò kan. Nibaldo wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun àti Yanira parí rẹ̀. Yanira fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ojú àárọ̀ lè wò ó. Ní àárọ̀ Ẹtì ó wò ó, ó mí kanlẹ̀. “Ó ti tó. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́,” ló wí, ó sì lọ sílé ìwé.

Eduvina wọlé pẹ̀lú àkísà.

Ó wo fọ́tò náà. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó tún wò ó. Lójú tirẹ̀, èéfín ààrò búrẹ́dì rẹ̀ ni, àfi pé èéfín yìí pupa. Ṣé èyí ni wọ́n fẹ́ gbé síwájú Heriberto? Kò ha ní béèrè pé fọ́tò náà dà? Ó sì ti rí Yanira nígbà tó ń fa kókó kékeré yẹn. Ó ti rí i tí nǹkan ń yọjú bó ṣe ń fà á. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló le níbẹ̀?

Ó fi ìka kan fa kókó náà dé òpin. Ó dára! Àwọn ìràwọ̀ tà yọ bí àgbàdo lórí iná. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó tún fà á dé òpin lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ti Ọlọ́run kún un. Ó tẹ àmì tí Yanira máa ń tẹ̀ kó tó dìde, ó nu eruku orí tábìlì, ó sì ń kọrin lọ sídìí tíì rẹ̀.

Yanira sáré dé ní ọ̀sán, bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú Vicuña ti ń fọn fèrè. Ó da fọ́tò náà kọ sórí ohun ìpamọ́ kékeré láìṣí i wò, nítorí ojú rẹ̀ ti parí pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, ó sì fi rán awakọ̀ sí ilé ìtẹ̀wé. Ní Sátidé ó dé, wọ́n ti fi ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ dì í. Ẹnikẹ́ni kò tú u. Bàbá ni kó tú u.

Nibaldo dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú kéèkì, ìgò ọtí pisco kan, àti ṣẹ́ẹ̀tì tí ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì wà lápá rẹ̀. Eduvina ti sun empanada ogún, búrẹ́dì tí ẹran wà nínú rẹ̀. Heriberto nu ọwọ́, ó tú ìwé náà, ó gbé fọ́tò náà síbi tí oòrùn wà.

Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án.

“Ta ló na àwọn ìràwọ̀ yìí?” ó ní. “Gbogbo wọn ló dúdú lójú.”

Yanira sún mọ́ ọn. Òrùka dúdú yí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Ìkùukùu tí wọ́n fi wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó jọ ti di ìfun ewúrẹ́, iyanrìn sì bo gbogbo òkùnkùn tó wà níbẹ̀. Ó wo Nibaldo. Nibaldo wò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú ojú wọn, torí Eduvina rí i kedere láti ìdí àwo empanada: ọmọbìnrin náà ń rántí fọ́tò oníta­yà tó kọ́kọ́ gbé wá; ọkùnrin náà ń rò pé ìbẹ̀rù bàbá ló mú kí ọmọbìnrin náà fà á jù.

“Èmi ni, Don Heriberto,” Nibaldo ní. “Mo tún fà á nílé ìtẹ̀wé, ọwọ́ mi ló yá jù.”

“Ẹni tí kò lè fi ìkùukùu sílẹ̀ bó ṣe wà,” Heriberto ní wẹ́rẹ́, “ṣé ọmọ mi ló máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà?” Ó yí fọ́tò náà dojú bolẹ̀. “Ẹ ṣeun fún kéèkì náà.”

Yanira bá a dé ẹnu ọ̀nà.

“O ṣèlérí fún mi, Nibaldo. Ojú àárọ̀, o ní o gbà.”

Nibaldo ń fọwọ́ pa ìlà áyọ́ọ̀nù apá rẹ̀.

“O ò tiẹ̀ ní sọ ìdí ẹ̀ fún mi?”

“Mi ò ní ìdí kankan.”

“Ó dáa. Máa lọ.”

Eduvina ńkọ́? Ẹ má béèrè. Ahọ́n tó ń bú awakọ̀, tó ń bú àlùfáà, tó ń bú ewúrẹ́ ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ká kò lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó jẹ empanada mẹ́fà. Lọ́la n ó sọ ọ́, ó ní. Lọ́jọ́ kejì ó ní lọ́la. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, òṣùpá kò sí, ṣùgbọ́n awò Yanira wà lórí òrùlé lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Yanira ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ó ń padà wálé, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá Eduvina bá a nídìí àwo kan náà tó ti ń nù láti ìgbà tí tíì ti tutù. Ojú Yanira kò sí lára àwo. Fìlà páànù tó wà níta ló ń wò.

Arúgbó náà wọ bàtà. Ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó bá Nibaldo lórí àkàbà lẹ́bàá ọjà Paihuano.

“Nibaldo! Sọ̀ kalẹ̀, mo fẹ́ kí o gbá mi létí.”

“Doña Eduvina? Kí ló dé, ṣé Yanira wà dáadáa?”

“Èmi ni mo fa kókó náà.”

“Kókó wo?”

“Èyí tó ń pọ́n. Mo fà á dé òpin.”

Nibaldo sọ̀ kalẹ̀ ìgbésẹ̀ kan. “Dé òpin?”

“Lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Yéè, ìyá mi o.” Ó jókòó sórí àkàbà, ó fọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Eduvina rò pé ẹkún ni, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rín ni. “Lẹ́ẹ̀mẹta! Ẹ̀yin lẹ mú kí wọ́n lé mi? Mo ti rò pé Yanira ni. Mo ní ẹ̀rù ló bà á.”

“O rò pé òun ni, o wá ní ìwọ ni?”

“Ṣé kí n ní òun ni, níwájú bàbá ẹ̀?”

Eduvina wò ó láti etí dé etí, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn díẹ̀. “Gbé àkàbà ẹ,” ó ní. “Àìkú, aago kan. Má ra kéèkì mọ́, kéèkì yẹn gbẹ.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nídìí oúnjẹ, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Heriberto àti Yanira. Yanira dìde, ó tún jókòó, ó ní, “Màmá Àgbà! Ọjọ́ méjìlá!” Lẹ́yìn náà ó rántí ohun mìíràn, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Èmi náà ò ṣí i wò kí n tó fi ránṣẹ́. Mo lé e nítorí ohun tí kò ṣe. Kò sì sọ fún mi.”

“Ó purọ́ fún mi nìyẹn,” Heriberto ní. “Nínú ilé mi.”

“Ó purọ́,” Eduvina ní. “Ọdún tí ewúrẹ́ wọ oko àjàrà bàbá ẹ tí wọ́n jẹ ẹ́ dé gbòǹgbò, ta ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀?”

Heriberto na ọwọ́ sí ìkòkò omi.

“Ìyá Yanira ni. Èmi fojú mi rí i, ó wá bá ẹ lọ́nà oko. Ta ló ní ‘èmi ni’, tó sì jẹ ẹgba níwájú gbogbo abúlé?”

“Ó ti pẹ́, Màmá.”

“Ṣé ó jẹ́ kó o di èké?”

Heriberto bu omi mu, ó sì pẹ́ kó tó gbé ife náà sílẹ̀. “Àwọn fọ́tò tí ẹ kó lé ara wọn, ṣé wọ́n ṣì wà?” ó bi Yanira.

“Gbogbo wọn wà, Bàbá. Ìka Màmá Àgbà ò débẹ̀.”

“Kó wá ṣe é lójú mi.”

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé ní ọ̀sán gangan kí ojú kọ̀ǹpútà lè hàn. Yanira fẹ́ jókòó. “Ìwọ kọ́,” bàbá rẹ̀ ní. “Òun.” Wọ́n ní kí Eduvina kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí tábìlì, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn.

Nibaldo bo àwọn ìràwọ̀. Ó bo òkùnkùn. Ó wá ku àárín ìkùukùu níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Ó fa kókó náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí. Ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú èéfín: òpó eruku, etí rẹ̀ ń tàn bí etí àwọsánmà nírọ̀lẹ́. Heriberto tẹ̀ síwájú. Ogún ọdún ó lé ló ti ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú awò rẹ̀, kò rí òpó yẹn rí.

“Fà á díẹ̀ sí i,” ó ní.

“Ó tó, Don Heriberto.”

“Díẹ̀ péré. Nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹ̀, mò ń rí i.”

Ọwọ́ Nibaldo dúró. Eduvina fẹ́ pariwo pé, ọmọ yìí, bàbá ìyàwó ẹ ló ń bẹ̀ ẹ́, fà á!

“Tí mo bá fà á sí i,” Nibaldo ní, “ohun tẹ́ ẹ máa rí kò sí níbẹ̀. Èmi ni màá fọwọ́ ara mi dá a. Ẹ má bínú.” Ó dá kókó náà padà dé ìdajì, ó pa kọ̀ǹpútà, ó dìde. “Ó di àárọ̀.”

Heriberto wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lójú fèrèsé, ó jáde lọ bá ewúrẹ́.

Nígbà tí Nibaldo fi máa kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ Ajé, Heriberto ti wà nídìí kọ̀ǹpútà, gíláàsì rẹ̀ nímú. Kò yíjú padà.

“Yanira,” ó ní, “fi búrẹ́dì kan sí i. Ọkọ ẹ dé.”

Wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìn ìkórè àjàrà. Fọ́tò Carina wà ní pálọ̀. Èyí tí Eduvina pọ́n, Heriberto gbé e kọ́ sára ògiri ilé ewúrẹ́, ó ní kí àwọn ewúrẹ́ rí ìbátan wọn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Nibaldo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń to fọ́tò ìyàwó. Eduvina dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí ara rẹ̀ nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, tó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ sì hàn bí ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ lára òkè.

“Yéè! Ta nìyí? Nibaldo, ọkọ mi, bá mi fa kókó yẹn. Lódìkejì. Fà á títí gbogbo ẹ̀ á fi di èéfín.”

Nibaldo mú ọwọ́ kúrò lórí máòsì. Ó wo fọ́tò náà, ó wo Eduvina.

“Màmá Àgbà,” ó ní, “ọdún mọ́kànléláàádọ́rin lẹ fi kó o jọ. Ẹ wá fẹ́ ká bò ó?”